Àpò Tútù Lórí Wáyà

Bí mo bá rí àpò kòkó tó rin gbingbin, àbúrò bàbá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òun ló ń tún ọkọ̀ ṣọ́jà àtijọ́ kan ṣe, èyí tí wọ́n fi ń fa gẹdú nínú igbó Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kò ní fa igi kankan láìkọ́kọ́ da àpò tútù bo wáyà irin tí ẹ̀rọ iwájú ọkọ̀ náà fi ń wọ́ igi, kí wáyà má baà fò bó bá já.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ni yóò wí. "Wáyà ò mojú ẹnì kankan."

Fọ́nrán wáyà náà ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún ọlọ́kọ̀ títí ó fi sú u.

"Fọkàn balẹ̀," ni ọlọ́kọ̀ ń wí. "Mo ti pa ajá fún Ògún."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń bọ Ògún. Ògún ò ní ká má pààrọ̀ wáyà."

Lọ́jọ́ tó já, àpò wà lórí rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ló ti já, níbi tí àbúrò bàbá mi dúró sí.

Ọlọ́kọ̀ wá bá wa kẹ́dùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ajá ọdún yẹn ló kéré, òun ti ra èyí tó tóbi. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó sin òkú, ọkọ̀ náà ti padà sígbó. Wọ́n kàn so wáyà tó já yẹn ní kókó ni.