Ìlà Oúnjẹ Nínú Ìṣirò Ìyá Rukayat

Ìyá Rukayat kò tíì kí mi tán lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey tó fi bi mí pé, “Ìyá Dámi, wọ́n ní kọ̀ǹpútà rẹ máa ń sọ bóyá owó èèyàn á ká oṣù. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kì í tan èèyàn o.”

“Ẹ̀tàn kọ́ ni mo wá gbà. Ìyẹn pọ̀ nílé.”

Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú, àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò Kirkissoye. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún un: Rukayat, Sọdiq àti Aminat. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ń pè é láti Ìlọrin pé òun fẹ́ wá kó àwọn ọmọ lọ, pé obìnrin kan kò lè dá bọ́ wọn nílẹ̀ àjèjì. Ó ní kó fún òun lésì kó tó di Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló wá bá mi.

Ilé ìwé girama ni mo parí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó bá ọkọ mi wá sí Niamey, olú ìlú Niger. Mò ń ṣe fọ́tókópì, mò ń tẹ lẹ́tà, mo sì ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìnáwó lórí tábìlì ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò tí ilé rẹ̀ kò lóǹkà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: lẹ́tà fún òpó, nọ́ńbà fún ìlà. Ohun tí a ń náwó lé lórí wà ní òpó A, iye rẹ̀ wà ní òpó B. Nísàlẹ̀ ni mo máa ń kọ =SOMME(B3:B12), nítorí Faransé ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́ níbí, á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Màá wá yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wọlé, tó wà ní B1. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará Pọ̀tó-Nóvò kan tó fẹ́ràn tíì ju oúnjẹ lọ, máa ń sọ pé, “Ìyàwó, kọ̀ǹpútà kì í bi ọ́ ní ìbéèrè. Bó o bá ní kó ro ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ àga, á rò ó pọ̀.”

Ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni Ìyá Rukayat ń tà. Èrè rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún sẹ́fà, owó ilẹ̀ Niger, lóṣù. Ó mú rìsíìtì onílé jáde: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iná àti omi, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ilé ìwé àti owó ọkọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ láìwo ìwé kankan: ìrẹsì, àgbàdo, òróró, ẹran òun ẹja, èédú. Bó ṣe ń pè é ni mò ń tẹ̀ ẹ́, oníbàárà mìíràn sì dúró lé mi lórí pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tó fẹ́ ṣe ní fọ́tókópì.

Kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún yóò ṣẹ́kù.

“Alihamudulilahi!” Ó ti fa fóònù yọ. “Bàbá Kékeré, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. Owó ká wa, ó tún ṣẹ́kù!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ohùn Bàbá Kékeré dún jáde nínú fóònù.

“Ẹ̀rọ ni!”

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ojú mi bọ́ sí ìlà ìrẹsì. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, fún ẹni mẹ́rin, fún odidi oṣù. Dámilọ́lá mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tí mo ní láti bẹ̀ kó tó jẹun, ìrẹsì tirẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìrẹsì yìí, sẹ́fà ni iye tẹ́ ẹ pè?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. “Dala ni o! Ta ló ń fi sẹ́fà nájà lọ́jà?”

Òtítọ́ ló sọ. Àwọn Zarma àti Hausa tó ni ọjà níbí, dala ni wọ́n fi ń ka owó, dala kan, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, sì jẹ́ sẹ́fà márùn-ún. Onílé àti ilé ìwé ní tiwọn ń kọ sẹ́fà sórí rìsíìtì. Àwa tá a ti pẹ́ níbí ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìfura.

Mo ronú àtidákẹ́. Ayọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù bá parí, ìkòkò òfìfo ló máa sọ fún un. Mo kọ =B8*5 sí òpó C níwájú ìrẹsì, mo fà á dé ìlà kejìlá tí í ṣe ti èédú, mo sì fi ohun tó jáde rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Iye ìsàlẹ̀ yí sí pupa.

“Kí ni pupa yẹn?”

“Ohun tí kò tó ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹgbẹ̀rún méjìlá, lóṣooṣù.”

Ó jókòó sórí àpótí. Mo bi í bóyá ó lè fi díẹ̀ kún owó ọjà rẹ̀.

“Wọ́n á lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì.” Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. “Yọ oúnjẹ tèmi.”

Mo yọ ìdámẹ́rin oúnjẹ.

“Ṣé pupa ṣì ni?”

“Ó ṣì ku ẹgbẹ̀rún méjì.”

“Mi ò jẹun rárá, kò sì tó?”

“Kò tó.”

“Dá a padà. Yọ Rukayat, kí n wò ó.”

Mo yọ ilé ìwé àti oúnjẹ Rukayat. Pupa lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ṣẹ́kù.

“Dá a padà! Dá a padà kíá! Yọ Sọdiq.” Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. “Aminat.” Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà ni.

“Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìyàtọ̀ wọn?”

“Kò mọ̀ ọ́n.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, èwo lo máa yọ?”

Mo kàn ń wo títì bóyá Dámilọ́lá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé.

Ó tún pe Ìlọrin. “Bàbá Kékeré, ẹ máa bọ̀. Aminat nìkan ni kẹ́ ẹ wá mú. Òun ló kéré jù, á tètè mọ́ ọn lára.”

“Ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ sọ pé owó ká yín?”

“Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà,” ó ní, ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í tẹ iye kankan láìbéèrè pé, “Dala ni àbí sẹ́fà?” Àwọn oníbàárà ti sọ mí ní Ìyá Dala. Mo gbà á fún wọn.

Lẹ́yìn tí Aminat ti lọ, ìyá rẹ̀ padà wá pé kí n tún ìṣirò náà ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé ìlà ọmọ náà kí n pa á rẹ́.

“Má pa á rẹ́,” ó ní. “Fi òdo síwájú orúkọ ẹ̀.”

Mo fi òdo sí i. Lóṣooṣù, fọ́múlà ń ka Aminat mọ́ àwọn tó kù, òdo rẹ̀ kì í sì í yí àròpọ̀ padà.