Ọwọ́ Ọ̀tún Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nílé, kì í sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó la ẹnu rẹ̀ níwájú èrò, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí wà níbẹ̀, mo sì lọ́wọ́ sí i.

Iṣẹ́ alùpùpù ló ń ṣe. Iléeṣẹ́ wa máa ń kó oògùn láti ìlú ńlá lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ọ̀nà jíjìn, àwọn méjìlá ló sì ń gun alùpùpù fún wa. Ọ̀nà tirẹ̀ ló jìn jù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni yóò ti de àpótí oògùn mọ́ ẹ̀yìn, tí yóò kọrí sí títì, oòrùn á sì ti máa wọ̀ kó tó padà dé. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Títì-Nilé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Èmi ni mẹkáníìkì iléeṣẹ́ náà. Òun ló mú mi wọlé lọ bá mánijà, tó ní, "Àbúrò ìyàwó mi ni, sà, ọwọ́ ẹ̀ dáa." Bọ̀dá ni mò ń pè é.

Ẹni tí kò gun alùpùpù rí lè rò pé ìdí ló máa ń ro ẹni tó bá rìn jìnnà. Irọ́ ni. Ọwọ́ ni. Ìdìmú ọ̀tún, èyí tí à ń lọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó sáré, ní sípíríǹgì tó ń fà á padà. Bí o bá dẹwọ́ díẹ̀ pẹ́rẹ́, eré ti tán nìyẹn. Wàá lọ́ ọ, wàá sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, wákàtí márùn-ún. Ṣe é fún ọdún méjìlélógún kí o wá ròyìn fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí i, àmọ́ kò mọ ohun tó rí. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ó sì gbà pé ó ń bínú sí òun ni. Ó bá a jà. Ọwọ́ òsì ni Bọ̀dá fi ṣa àfọ́kù ife nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní gáréèjì, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, kí o fi gún mi ní ìka."

"Bọ̀dá, kí lẹ wí?"

"Mo ní kí o gún un."

Mo gún un. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ìka mẹ́ta ti kú," ó ní. "Mo lọ rí dókítà. Ó ní kí n má gun nǹkan kan mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gun alùpùpù mi, mo lọ sílé. Tí wọ́n bá mọ̀ níbí, wọ́n á lé mi."

Kò parọ́. Níléeṣẹ́ wa, ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni yóò lọ sílé. Kò sí pé kó wá jókòó sí ọ́fíìsì. Bọ̀dá ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó bẹ̀ mí kò ju pé kí n bá a wá nǹkan tí yóò máa di ìdìmú náà mú lójú kan, kí alùpùpù lè máa sáré lọ fúnra rẹ̀, kí òun lè máa gbé ọwọ́ lé itan sinmi. Bí ọwọ́ bá rí ìsinmi, bóyá yóò jí. Bí kò bá sì jí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo dè é le jù. Èmi fúnra mi ni mo gùn ún wò nínú ọgbà. Mo dẹwọ́, eré ò dínkù. Mo kígbe, alùpùpù ò gbọ́ igbe. Àga gáàdì ni mo lọ kọlù kó tó dúró, ọpẹ́lọpẹ́ pé gáàdì ti lọ tọ̀. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gé irin sí ìlàjì òrùka méjì, mo fi rọ́bà inú táyà àlòkù tẹ́ inú rẹ̀, mo wá fi nọ́ọ̀tì kan sí i tí àtàǹpàkò lè yí. Bí o bá yí i, á di ìdìmú mú. Bí o bá fẹ́ dúró, wàá kàn fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ ọ padà, á sì gbà fún ọ.

Kò tó oṣù méjì tí ọwọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ̀dá gbé ife tíì, ó figbe ta pé, "Ó gbóná!" Ó tún gbé e, ó tún kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ mánijà ya Bọ̀dá sílẹ̀ lójú títì. Mánijà wo ẹ̀gbẹ́, ó rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa máa ń tò sínú ọgbà. Mánijà á pe ẹnì kan gun orí pèpéle tí wọ́n ti ń di ẹrù, á dójú tì í tàbí kó yìn ín, onítọ̀hún á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ìjẹ́wọ́ ni à ń pè é. Láti ọdún méjìlélógún, wọn ò pe Bọ̀dá rí, ìbáà ṣe fún rere tàbí fún búburú. Lọ́jọ́ náà wọ́n pè é.

"Mo kọ́kọ́ rò pé wèrè ni," mánijà ní. "Àṣé ọlọ́gbọ́n ni! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" A pàtẹ́wọ́. "Ó yá, sọ fún wọn bí ọgbọ́n yìí ṣe dé orí ẹ."

Ká ní ó sọ pé ọ̀nà jìn, òun fẹ́ kó rọ òun lọ́rùn, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Mò ń mi orí sí i láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ àtẹ́wọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Ọwọ́ yìí ló ti kú mọ́ mi lára. Ìka mẹ́ta ò mọ iná, wọn ò mọ omi. Ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti de nǹkan yìí, sà, ó ti ń jí!" Ó na ọwọ́ sókè kí gbogbo wa lè rí i.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mánijà. "Ó tó ìgbà wo tó ti kú?"

"Á tó ọdún méjì, sà."

"Ọdún méjì lo fi ń fi ọwọ́ òkú gbé oògùn mi kiri?" Ó yíjú sí mi. "Mẹkáníìkì, ìwọ lo ṣe nǹkan yìí. Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ti kú?"

Mi ò ní tàn yín. Mi ò níyàwó, mi ò lọ́mọ tí mo lè fi ṣe àwáwí. Ẹ̀rù bà mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mi ò mọ̀, sà," mo ní. "Wọ́n ní kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn lójú ọ̀nà ni."

Bọ̀dá wò mí láti orí pèpéle. Ó yíjú sí mánijà. "Òótọ́ ni, sà. Kò mọ̀."

Mánijà ní nǹkan náà dáa, kí n ṣe mọ́kànlá sí i fún àwọn alùpùpù tó kù. Ó ní kí Bọ̀dá kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó kó tó máa lọ. Ó sì kọ́ wọn títí di ọ̀sán. Ó ń di ọwọ́ wọn mú níkọ̀ọ̀kan, ó ń ní, "Má dè é le jù o, rọra." Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀nà rẹ̀ bi í bóyá èèyàn lè máa jẹ búrẹ́dì lórí ìrìn báyìí, ó dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe. Kó tó dé ẹnu géètì, orúkọ rẹ̀ ti yí padà kúrò ní Títì-Nilé sí Ọwọ́-Òkú. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, torí alùpùpù kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sá fún ilé wọn. Nígbà tí mo wá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi," ó ní. "Ó ní gbogbo wọn dákẹ́, pé ìwọ nìkan lo jáde síta tí o bẹ mánijà nítorí òun. Ó ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé ìwọ náà."

Kí n tó wọlé, ó ti kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí dàgbà kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e dìde. Ọkọ rẹ̀ jókòó sínú yàrá, ó ń wò mí.

"Àbúrò, fi í sílẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó dúpẹ́."

Mo nàró, mo dúró sójú kan, ẹ̀gbọ́n mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.