Bùọ̀dá Múfú Kí Àna Nínú Ọkọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lẹ́yìn Erúnmu, létí omi ńlá tí ìjọba sé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, a kì í fi ọkọ̀ ojú omi ṣeré. Ọmọ tó bá dìde dúró nínú ọkọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti máa gbọ́ òórùn epìyà díndín lọ́jọ́ náà, tòun ti ọwọ́ lókè.

Àgbà kan ló wá pa wá lẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá Múfú, àbúrò ìyá mi, fẹ́ fẹ́ Sìkírá. Bàbá Sìkírá, apẹja, sì ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá lè fi ọkọ̀ gbé òun sọdá omi kó sì gbé òun padà láìséwu, kó lọ fẹ́ ọmọ àgbẹ̀.

Bàbá Sìkírá fúnra wọn kọ́ Bùọ̀dá Múfú títí. "Jókòó sílẹ̀, láàárín gbùngbùn. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, dẹ okùn ìgbòkun, má bá a jà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, di ọkọ̀ mú. So kẹ́ẹ̀gì òfìfo yìí mọ́ ẹ̀yìn rẹ."

Bùọ̀dá Múfú, tí wọ́n ti lọ ṣòkòtò tó mú bí ọ̀bẹ, fajú ro. "Ṣé mo jọ ẹlẹ́mu ni, sà?"

"O jọ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. So ó!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo wa tò sétí omi, ẹja tá à ń họ ìpẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ajílẹ̀ rán wú bí ikùn aláboyún. Bùọ̀dá Múfú gbé Bàbá Sìkírá lọ, wọ́n ń bọ̀. Sìkírá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ ni bàbá àgbà Sìkírá jáde wá ṣàlùwàlá, tòun ti kẹ́tùlù lọ́wọ́.

Ojú Bùọ̀dá Múfú kan àna àgbà. Gbogbo ẹ̀kọ́ fò lọ. Wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà!"

Ọkọ̀ yí padà bí àkàrà nínú epo.

Kẹ́ẹ̀gì gbé Bùọ̀dá Múfú léfòó, ìdí lókè, orí nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tu omi ẹnu tán, ìkíni ni wọ́n tún ń bá lọ. Bàbá Sìkírá yọjú, wọ́n rọ̀ mọ́ ọkọ̀. "Mi ò fún un lọ́mọ mọ́! Ta ló ní kó kí ẹnikẹ́ni?" Sìkírá bú sẹ́kún.

Bàbá àgbà gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ ọmọ mi tí ò ń jókòó pa sínú ọkọ̀, ìgbà wo lo kí mi gbẹ̀yìn? Fún un níyàwó. Ọkọ̀ ni kó o má fún un."

Bí Sìkírá ṣe di ìyàwó ilé wa nìyẹn. Títì ni Bùọ̀dá Múfú ń gbà lọ kí àna títí dòní.

Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ń wá gbafẹ́ lórí omi yẹn. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì pọ̀ níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, tó rẹwà. Wọn á wọ̀ ọ́, wọn á ya fọ́tò, wọn á bọ́ ọ nítorí ooru, wọn á wá dìde máa jó. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọn á ní, "Dádì, ẹ sinmi jàre." Mo sinmi. Wọ́n fi fọ́tò náà hàn mí, ó dára gan-an. Òun náà ló máa yẹ pósítà tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ilé bàbá wọn, bí omi bá ṣe tirẹ̀ tán.