Mùtíátù Ní Kí Wọ́n Bi Ọmọ Wò

Bí o bá ń kánjú, má lọ dìrí lọ́dọ̀ Mùtíátù ní Ìkọ̀lé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, irun rẹ̀ a sì máa pẹ́ lórí, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ìjàngbọ̀n. Ìdajì orí ni yóò kọ́kọ́ dì, yóò fi ìyarun gún irun tó kù, yóò nu ọwọ́, yóò fa ìwé kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù, yóò wá ní, "Ẹ jẹ́ n ka nǹkan kékeré kan fún yín." Ojú ìwé mẹ́ta ni nǹkan kékeré ọ̀hún. Ta ni yóò dìde? Obìnrin wo ni yóò gbé orí tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ìyàwó tuntun, tí apá kejì rí bí ìtẹ́ ẹyẹ, gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá lọ́sàn-án gangan? Wọ́n a jókòó, wọ́n a gbọ́ ọ tán, wọ́n a sì tẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó ìtẹ̀ka ọ̀ọ́dúnrún obìnrin jọ láàárín oṣù mẹ́rin, Mùsùlùmí, Áńgílíkà, Àgùdà, àti èrò méjì tó ń lọ sí Òmù tí mọ́tò wọn bàjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìwé náà ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣòfin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kúrò nílùú lọ ṣiṣẹ́, kó kọ́kọ́ mú un wá sí ọ́fíìsì. Kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń mú un lọ. Ìkẹta wá ni èyí tí Mùtíátù fẹ́ràn jù: kí wọ́n mú ọmọ náà wọ yàrá lọ́tọ̀, láìsí ìyá, láìsí bàbá, láìsí ẹni tó fẹ́ mú un lọ, kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ lọ.

Kí ló kan onídìrí nínú òfin? Ṣùkúrát, àbúrò rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tí obìnrin kan ní òun máa fi í sí ṣọ́ọ̀bù ní Líbíà. Gbogbo ẹbí yọ̀. Mùtíátù fúnra rẹ̀ ló di irun ìrìnàjò náà, kò gba kọ́bọ̀, ó tún ṣàdúà sí i lórí. Ọdún mẹ́rin ni Ṣùkúrát lò. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ilé tí wọ́n tì í mọ́, kò tíì sọ ọ́ tán títí dòní. Lọ́jọ́ tó dé, Mùtíátù dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ní kí ló dé tí kò wí nígbà náà pé òun kò fẹ́ lọ. Ṣùkúrát wò ó. "Ta ló bi mí?" Ọ̀rọ̀ náà dun Mùtíátù wọra, nítorí pé òótọ́ ni.

Ìkẹta yìí gan-an ni àwọn kánsẹ́lọ̀ kò fẹ́ gbọ́ sétí. Ti orúkọ dára, ti ibi tí wọ́n ń lọ dára. Ṣùgbọ́n kí àgbà wà níta, kí wọ́n máa bi ọmọdé nínú yàrá? Samson, kánsẹ́lọ̀ àdúgbò, tó jẹ́ pé òun ni yóò gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ti fi gègé fa igi lé e lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Fúnmilọ́lá ìyàwó Samson wá dìrí. Òun ni ìyá ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ kejì. Mùtíátù di ìdajì, ó nu ọwọ́.

"Àǹtí Mùtí, mo ti tẹ̀ka o," Fúnmilọ́lá yára wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Ti ọkọ yín ló kù. Ẹ pè é."

Samson dé pẹ̀lú ìbínú àti bàtà tí kò bára mu. "Mùtíátù! Ìwọ tí o ní kí wọ́n má fi ọmọ èèyàn ṣẹrú, ìwọ rèé tí o de ìyàwó mi mọ́ àga!"

"Bàbá, okùn dà? Ulẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n máa lọ ulé."

"Fúnmi, dìde ká lọ."

Fúnmilọ́lá wo dígí. "Èmi? Báyìí? Kí n lọ síbo?"

Àga kan ṣoṣo tó ṣófo wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ibẹ̀ ni kánsẹ́lọ̀ jókòó sí, tó forí sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wá ṣe irun tirẹ̀. "Àbújá ti ṣòfin tó tó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní.

"Àbújá ò mọ ọ̀nà abúlé Ààyè."

"Ọmọdé wo ló mọ ohun tó dára fún un?"

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀."

"Ifẹ̀ kọ́ rèé. Ìkọ̀lé ni!"

Mùtíátù fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n Fúnmilọ́lá ló sọ̀rọ̀, inú dígí ló sì ń sọ ọ́ sí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí wọ́n fà mí lé ìyá oníbúrẹ́dì kan lọ́wọ́ ní Ìdó. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń po ìyẹ̀fun. Mo ṣe uṣẹ́ yẹn ọdún márùn-ún."

Samson yọrí lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti fẹ́ra. "O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

Samson wo ìyàwó rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ méjèèjì tí kò bára mu, ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó kọ ìkẹta padà sí i fúnra rẹ̀. Mùtíátù bá gbá orí mú, ó sì di irun tó kù láìsọ̀rọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbẹ̀ rí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò, ìbò kan ṣoṣo ni òfin fi borí. Wọ́n wá ní Mùtíátù ni kó máa bi àwọn ọmọ léèrè, nítorí pé òun ló lẹ́nu.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni Felicia, obìnrin kan tó wọ awò ojú dúdú, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ó mú ìyá kan wá láti Ààyè, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìtùnúolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èkó ni wọ́n ń lọ, àwọn olówó kan ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Felicia gbé báàgì ọmọ náà lọ́wọ́, ó sọ orúkọ, ó sọ àdírẹ́sì, kò sí wàhálà. Mùtíátù mú ọmọ náà wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

"Ṣé o fẹ́ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ṣé o kò fẹ́ lọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Mùtíátù fi Líbíà pa ìtàn, ó fi Ìdó pa ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni mà. Samson ń rìn lọ rìn bọ̀ níta, ó ń fọhùn gba ojú fèrèsé wọlé pé, "Mo ti wí fún ọ! Mo ti wí!" Ẹ̀rù ba Mùtíátù gidigidi. Gbogbo orí tó dì, gbogbo ìtẹ̀ka wọ̀nyẹn, ó rò pé òun kàn fi wọ́n ṣe wàhálà lásán ni, pé ọmọ tí a kò bi léèrè rí kò lè mọ bí a ti ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìtùnúolúwa ń wò ó, ó ń retí ìbéèrè mìíràn, kò rí i. Nígbà tó yá, òun ló béèrè.

"Mà, tí mo bá ní mi ò lọ, ta ni yóò sọ fún ìyá mi?"

"Èmi ni," Mùtíátù wí. "Ṣé kí n lọ sọ ọ́?"

Ọmọ náà rò ó. Ó mi orí pé rárá. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, mi ò lọ."

"Ta ló kọ́ ọ?" Felicia pariwo, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀.

Ìyá náà ń wo ọmọ rẹ̀ ṣáá. "Mo ṣe bí unú rẹ ń dùn ni," ó ní. Ó wá rìn lọ bá Felicia, ó sì gba báàgì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.