Ọmọ Tó Ń Bu Omi Àlùwàlá fún Màmá

Bàbá Kúdí kì í pè mí láàárọ̀. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó, tó bá sì ti mú ayùn lọ́wọ́, kò ráyè fóònù mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù mi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹsẹ̀ mi ti ń wá bàtà kí n tó gbé e.

“Àǹtí Bísí,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ọmọ yín.”

Ọmọ yín. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá mi jà lóṣù tó kọjá pé ọ́fíìsì wa ń fi ìbéèrè yọ ọmọ òun lẹ́nu. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. 

“Màmá ti fi wá sílẹ̀. Léna ló kọ́kọ́ wọlé bá wọn.”

Mo jókòó pọ̀ọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà yẹn gan-an.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíì. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ ilé ìwé láàárín orílẹ̀-èdè gbà mí ní alábòójútó fún Sùúrùlérè, Yábà àti Múṣín. Ọmọ á ti òkè òkun wá, á gbé nílé ẹni tí kò mọ̀ rí, á máa bá àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sílé ìwé títí ọdún ẹ̀kọ́ á fi parí. Ìdílé agbàlejò là ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń wá wọn, èmi ni mo máa ń yẹ ilé wọn wò, èmi náà ni mo sì máa ń lọ wo ọmọ lóṣooṣù kí n lè gbọ́ ohun tí kò lè sọ lójú wọn.

Ẹ ò lè mọ ohun tí àyẹ̀wò ilé máa ń sọ àgbàlagbà dà. Bàbá kan ní Yábà wọ kóòtù, ó de táì, ó ń dúró dè mí nínú pálọ̀ tí kò síná. Òógùn bò ó, ó kọ̀, kò bọ́ ọ. Ìyá kan ní Sùúrùlérè yá àga lọ́wọ́ aládùúgbò, aládùúgbò sì wá béèrè àga rẹ̀ nígbà tí mo ṣì jókòó lé e. Irú ṣekárími bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú. Èmi kì í wo àga. Omi mímu ni mo máa ń tọrọ, kí n lè gbọ́ ohùn tí wọ́n máa fi pe ẹni tó máa gbé e wá.

Bàbá Kúdí kò yá nǹkan kan. Àga tó kàn fúnra rẹ̀ ló ní kí n jókòó lé, ṣe ló sì ń dún lábẹ́ mi. Káfíńtà tó ń kan àga fún gbogbo ayé, tilé rẹ̀ ń ké! Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Kúdí, ọmọbìnrin wọn, wà nílé ìwé girama, Màmá, ìyá Bàbá Kúdí, tó ti Ìsẹ́yìn wá bá wọn gbé, sì wà nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo tọrọ omi, Màmá ni ó dáhùn láti inú yàrá: “Kúdí, ọmọ dáadáa, bu omi fún àlejò. Má bu tinú ike o, ìyẹn ti gbóná.” Mo ti fọkàn gba ilé náà kí n tó mu omi ọ̀hún tán.

Bí Léna ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Jámánì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Kúdí ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sílẹ̀ dè é, ó ra àwo tuntun, ó ra fọ́ọ̀kì. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Tó bá dìde láti palẹ̀ àwo mọ́, Ìyá Kúdí á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Kúdí bá pẹ́ dé láti ilé ìwé, ariwo á sọ. Bí Léna bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn.” Ọmọ tí Kúdí fi oṣù mélòó kan jù lọ ni wọ́n ń fi ẹ kí!

Nígbà tí mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí a jọ rìn díẹ̀. A kò tíì dé òpin àdúgbò tó fi bú sẹ́kún. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nígbà náà.

“Àǹtí, mo fẹ́ padà sílé.”

“Ṣé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni?”

“Rárá. Wọn ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan ni. Kúdí ní ilé. Bẹ́ẹ̀dì lèmi ní.”

Mo padà lọ bá Ìyá Kúdí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo ní kó máa rán ọmọ náà níṣẹ́.

“Háà, Àǹtí! Ọmọ ọlọ́mọ! Kí ìyá ẹ̀ wá gbọ́ pé mo ti sọ ọ́ dọmọ ọ̀dọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé mi sórí fóònù kiri ni?”

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bá a wí ni màá tó gbà pé ó ti di ọmọ yín.”

Màmá, tó ń fa tẹ̀sùbáà nínú yàrá, ni ó gbọ́ wa.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Màmá wí fún Léna, tó ti tẹ̀ lé mi wọlé, “gbé bútà yẹn, kó o bu omi wá fún mi.”

Bútà ni kẹ́tùlù ike tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kírun. Ìyá Kúdí dìde láti lọ gbé e, Màmá ní kó jókòó. Léna kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìka Màmá ti júwe. Ó sáré débi pé omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Màmá yọjú wo inú bútà, wọ́n sì mi orí.

“Kò kún. Padà lọ.”

Léna rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí eyín ọmọ yẹn rí títí dọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn lọ, òun ló ń bu omi àlùwàlá Màmá ní gbogbo àsùbá. Màmá sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, Màmá nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó di pé ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá, àṣẹ sì ni ìdajì ohun tó gbọ́: gbé e wá, rọra, kò kún, jókòó tì mí. Kò sọ fún mi mọ́ pé òun fẹ́ padà sílé. Ìyá Kúdí náà jáwọ́ nínú ẹ tó fi ń kí i, ṣùgbọ́n kò bá a wí rí.

Nígbà tí mo dé Pápá Àjàó láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá kú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni mo ti bá Léna. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Kúdí ló dì í. Òkú ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ráyè ká aṣọ ọmọ ọlọ́mọ sínú báàgì lẹ́sẹẹsẹ. Léna gbé bútà lé itan, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

“Mo gbé omi lọ,” ló sọ fún mi. “Mo ní, Màmá, ilẹ̀ ti mọ́. Wọn ò dáhùn. Bàbá wá fọwọ́ bò mí lójú, wọ́n sì gbé mi jáde.”

Òfin wa ni pé bí ikú bá wọ ilé agbàlejò, kí alábòójútó mú ọmọ lọ sí ilé mìíràn lójú ẹsẹ̀. Mo pe ọ́fíìsì. Ọmọdé ni ọ̀gá mi, mo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwèé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

“Àǹtí, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ kíá. Tó bá wá dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn ńkọ́? Kí la máa sọ fáwọn òbí ẹ̀?”

Àwa náà níbí, a kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ òkú. Òfin ọ́fíìsì àti àṣà wa wà níhà kan náà lọ́jọ́ yẹn, Léna nìkan ló wà níhà kejì. Mo ní kó dìde, ká máa lọ sílé mi ní Sùúrùlérè.

“Ṣé Kúdí náà ń bọ̀?”

“Rárá, Kúdí ni ọmọ ilé, ó gbọ́dọ̀ dúró.”

Ó gbá bútà náà mọ́ra, ojú sì tì mí.

Mo pe ìyá rẹ̀ ní Jámánì. Òun àti ọmọ rẹ̀ sọ èdè wọn fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kó fún mi ní fóònù. Ó ní Léna fẹ́ dúró, ó wá bi mí bóyá ìyẹn kò ní pa á lára. Mo ní ẹkún á wà, n kò lè purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé báàgì lé e lọ́wọ́ lónìí, mi ò rò pé ó máa gbàgbé láéláé. Ìyá rẹ̀ ní bí ìdílé náà bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, kó dúró. Mo sọ fún ọ̀gá mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọrùn yín ló wà o, Àǹtí.”

Ó wá ku bí ìdílé náà bá fẹ́. Iwájú ilé ni mo ti rí Bàbá Kúdí, ó ń bá àwọn ọkùnrin to ìjókòó.

“Àǹtí, ẹ ò tíì lọ? Mo ṣèlérí fún yín pé ojú ọmọ yẹn ò ní ríbi nínú ilé mi. Ẹ wá wo ohun tójú ẹ̀ rí.”

“Ó ní òun fẹ́ dúró.”

“Kó dúró ṣe kí ni? Kò yẹ kí àlejò máa bá wa jìyà.”

“Ó rò pé ẹ ń lé òun ni, Bàbá Kúdí.”

“Lé kẹ̀? Èmi?” Ó fi àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, Àǹtí. Mo rò pé kò ní lè wojú wa mọ́. Mo rò pé tó bá ti rí wa báyìí, òkú ló máa máa rí.”

Ó fi apá nu ojú rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀. N kò mọ̀ pé Léna ti tẹ̀ lé mi. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin náà pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, bí Màmá ṣe kọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa bu omi Màmá?”

Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ òkú ti dé, Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí wọn ló ṣáájú. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ òyìnbó yìí? Tí kì í ṣe Mùsùlùmí?” Ìyá Àdínì béèrè pé ta ló ń bu omi àlùwàlá fún olóògbé láràárọ̀. Bàbá Kúdí nawọ́ sí Léna.

“Ẹ jẹ́ kó bù ú,” ni Ìyá Àdínì wí. “Kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àwa la máa wẹ̀ wọ́n.”

Ìyá Kúdí wọlé, ó mú ìborùn kan jáde, ó wé e mọ́ Léna lórí.

“Jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ o,” ló wí. “Màmá ò fẹ́ràn omi tútù.”

Ó dì mọ́ ọmọ náà, àwọn méjèèjì sì ké bí mo ṣe retí pé kí wọ́n ti ké láti àárọ̀.

Léna àti Kúdí ni wọ́n jọ pọn omi náà láti ẹ̀yìnkùlé. Léna gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó wo ojú Ìyá Àdínì.

“Ṣé ó kún?”

“Ó kún, ọmọ mi.”

Wọ́n kírun sí Màmá lára lọ́sàn-án, àwọn ọkùnrin sì gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Àwa obìnrin jókòó sórí ẹní nílé, Léna wà láàárín Kúdí àti Ìyá Kúdí. Èmi fúnra mi ni mo gbé báàgì yẹn padà sí yàrá, tí mo tú u, tí mo sì ká aṣọ rẹ̀ padà sáyè wọn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n ń ṣe àdúrà fún Màmá, mo lọ wò ó. Mo ti múra gbogbo ìbéèrè mi sílẹ̀: ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ẹ̀rù kì í bà á. Bí mo ṣe dé ẹnu géètì ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Kúdí láti ẹ̀yìnkùlé.

“Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Ta ló gbé bútà sójú ọ̀nà báyìí? Ṣé kí èèyàn ṣubú ni?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì.”

“Ẹ má bínú kọ́! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Gbé e kúrò níbẹ̀ jàre!”

Mo fara ti géètì, mo sì sunkún mi níbẹ̀. N kò tijú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, mo nu ojú, mo wọlé, mo jókòó sórí àga tó ń dún yẹn. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìyá Kúdí kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

“Àbẹ̀kẹ́,” ló pè, “bu omi fún àlejò.”