Àlọ́ Tí Kò Jẹ́ Kí N Jẹun

Mo rántí òórùn irú inú ọbẹ̀ ìyálé mi ju bí mo ṣe rántí ojú ọkọ wa lọ, lọ́dún tí mo délé ọkọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sìn mí láti Ìlúà dé Ìsẹ́yìn, mọ́tò kò tíì mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Agbolé ahunṣọ ni mo bọ́ sí. Ìyálé ló ń se oúnjẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ a sì máa ta sánsán dé ìdí òfì, ṣùgbọ́n èmi kò jẹ́ fẹnu kàn án.

Àlọ́ ló fà á. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa ìyálé tó fi májèlé sínú ọbẹ̀ ìyàwó, àti èyí tó ti ọmọ orogún sódò. Nínú àlọ́, ìyàwó kékeré ló máa ń lẹ́wà; ìyálé ni wọ́n ń lé wọgbó. Ọlọ́gbọ́n bíi tèmi kò wá ní jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe àlọ́ pa. Mo ń fa oúnjẹ mi fún àwọn ọmọ ilé, mo sì ń ra wàrà jẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní.

Kò pẹ́ tí mo fi rù. Ìyá ọkọ wa wò mí títí, ó ní obìnrin tó kọ ọbẹ̀, tó ń wá wàrà kiri, oyún ló wà níkùn rẹ̀. Ayọ̀ bá sọ nínú agbolé. Ìyálé ló yọ̀ jù. Ó pa awó tó ń sìn, ó fi ewé àti egbò sè é ní àsèjẹ, ó sì jókòó tì mí pé kí n jẹ ẹ́ lójú òun.

Bí mo bá jẹ ẹ́, ikú ni. Bí n kò bá jẹ ẹ́, wọn a ní mo fẹ́ ba oyún jẹ́, wọn a dá mi padà sílé bàbá mi. Mo bú sẹ́kún.

"Ìyálé mi, ẹ dákun, ẹ má pa mí. N kò tilẹ̀ lóyún."

Ó bi mí pé ta ló ní òun ń pani. Mo ní àlọ́ ni.

"Ta ló pa àlọ́ náà fún ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Kí ni ìyá rẹ nílé yín, ìyálé tàbí ìyàwó?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Ìyálé ni. Àwọn ìyàwó ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í jẹun níbòmíràn yàtọ̀ sí ìdí ìkòkò rẹ̀.

Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó bu ọbẹ̀ náà, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Jẹun, jàre. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àlọ́ tí a fi bú ìyálé, àjà kan náà ló wà."

Mo jẹ awó náà dé eegun. Ohun tó sọ fún ìyá ọkọ wa nípa oyún, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Kò ṣáà sẹ́ni tó bi mí.

Àwọn ìyàwó ti wọlé lẹ́yìn mi báyìí, wọ́n ń pe èmi náà ní ìyálé, èmi ni mo sì ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. N kò yọ ìyálé burúkú kúrò níbẹ̀, àlọ́ kò ní dùn. Mo tilẹ̀ rò pé ara rẹ̀ gan-an ni ìyá mi ń fi àlọ́ náà kìlọ̀ fún, kí òun náà má di ìyálé burúkú. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó tuntun bá wà láàrin wa, mo máa ń rí i pé ó ti jẹun yó kí n tó bẹ̀rẹ̀.