Ìyá Tó Gbé Bẹ́ẹ̀dì Padà Wá sí Ìfọ̀

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìfọ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ mi ń ṣe ní tésàn, òun ló bá mi rí yàrá kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, tí a kun ún lẹ́fun, tí a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ọ̀nà ọjà. Bẹ́ẹ̀dì onírin ni mo ń tà, èyí tó ní sìpíríìnì lábẹ́ tìmùtìmù. Kọ́ńpìnnì kan ní Èkó ló ń ṣe wọ́n, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó wọn wá bá mi.

Wọ́n máa ń so ìwé pélébé kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, pé gáráǹtì ọdún kan wà lórí rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo fi ń polówó. Bí oníbàárà bá ti ń ṣe iyèméjì, n óò na ìwé náà sókè, n óò ní, “Ọdún kan gbáko! Bó bá bàjẹ́, kọ́ńpìnnì á tún un ṣe.” Bí ẹni tó ń gbé ní Mówè tàbí Ìbafò yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì yìí, n kò bi ara mi rí.

Ìyá kan wà tó máa ń gbé epo pupa wá láti Mówè lọ́jọ́ ọjà. Opó ni, ó síngbọnlẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Orí ẹní ló ti ń sùn láti kékeré, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ti pinnu pé òun náà yóò sùn sókè kí òun tó kú. Ọjà mélòó kan ló fi ń wá fọwọ́ tẹ àwọn bẹ́ẹ̀dì mi wò bí ẹni ń tẹ iṣu tó wà lórí iná. Nígbà tó wá rà á tán, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ́rì gbé e sábẹ́ ẹrù. Orí epo àti gààrí ni wọ́n so ó mọ́, ìyá jókòó síwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, ó ń juwọ́ sí mi títí wọ́n fi yípo kọ́nà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ó padà wá.

“Ọmọ mi,” ó ní, “bẹ́ẹ̀dì yẹn ti gbé mi mì o.”

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Kí ló ṣe é, mà?”

“Ìdí rẹ̀ ti jìn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, orí mi á wà lókè, ẹsẹ̀ mi á wà lókè, bàbáǹbàrì ara mi á wá wà nílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wá kí mi láti Ìbafò ló fà mí jáde láàárọ̀ àná. Ó kọ́kọ́ jókòó rẹ́rìn-ín tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ná.”

Ẹ̀rín ń pa mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má mikàn. Gáráǹtì wà lórí rẹ̀. Kọ́ńpìnnì ni yóò tún un ṣe fún yín.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Èkó ni, mà.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ mí?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé èmi mọ̀ wọ́n?”

“Rárá náà ni, mà.”

“Ta ló gbowó lọ́wọ́ mi?”

“Èmi ni, mà.”

“Ó dáa.” Ó rẹ́rìn-ín, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti gbà fún mi.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ariwo ló pè mí jáde. Lọ́rì Mówè ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n tò ó síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà mi gan-an. Ó tẹ́ tìmùtìmù sí i, ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Bẹ́ẹ̀dì náà gbà á bí ìgbà tí ọmọ bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Orí àti ẹsẹ̀ nìkan ló kù tí à ń rí.

“Ìyá, ẹ dákun!” mo ní.

“Kí ni mo ṣe? Ibi tí mo ti rà á ni mo wá sùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà.”

Kò bínú, kò bú mi. Àfi kó máa dá àwọn tó ń kọjá lóhùn. Bí wọ́n bá ní, “Ẹ kú ìsinmi, mà,” á ní, “Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí onílé.” Èmi ni onílé yẹn. Ẹni tó fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà wo ìyá, ó wo èmi, ó ní òun ń bọ̀. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, ẹ̀rín kò sì jẹ́.

Ọkọ mi sáré wá láti tésàn. Ó fi ìwé rán gáàdì ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Èkó, pé kí kọ́ńpìnnì tètè rán aṣojú wọn wá. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, a ò lè fi àgbàlagbà síta, a mú un lọ sílé. A fi bẹ́ẹ̀dì wa fún un, èmi àti ọkọ mi sùn lórí ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ń dun èmi náà, ìyá sì ti jí, ó ń gbálẹ̀ àgbàlá wa, ara rẹ̀ yá gágá.

“Tiyín yìí dáa,” ó ní. “Irú èyí ni mo rò pé mo rà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó bá bú mi lọ.

Aṣojú kọ́ńpìnnì dé ní ọ̀sán. Géńdé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó de táì, ó dé akẹtẹ̀. Ìyá ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Aṣojú náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i, ó wá yíjú sí mi.

“Màdáàmù, ẹ̀yin la tà á fún. Kọ́ńpìnnì kò mọ ẹni tí ẹ tún tà á fún.”

Mo ní, “Ọ̀gá, orúkọ kọ́ńpìnnì yín ló wà lórí gáráǹtì, kì í ṣe tèmi.”

“Irin ni gáráǹtì wà fún. Àti pé, ẹ má bínú o, ìyá ti sanra jù fún un.”

Àwọn èrò tó ti pé lé wa lórí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá gbé orí sókè láti inú kòtò rẹ̀.

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ti ń gbá mi bíi bọ́ọ̀lù láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni a bá lábà ni baba. Ọmọbìnrin yìí ni mo bá lábà. Òun ni kó yanjú tèmi. Bó bá yanjú tèmi tán, kí ẹ̀yin méjèèjì wá lọ jókòó yanjú ti ara yín.”

Bí ìgbà tí ènìyàn tan fìtílà fún mi ló rí. Kò sí ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìbẹ̀rù àdánù ló dí mi lójú. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun jáde. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni n óò jẹ gbèsè rẹ̀.

“Ìyá, tiyín nìyí. Ẹ dìde kúrò nínú ìyẹn.” Mo wá dojú kọ aṣojú náà. “Ọ̀gá, èyí tó bàjẹ́ ti di tèmi báyìí. Ó ku èmi pẹ̀lú yín. Ẹ ní ìyá ló sanra. Ẹ̀yin ò sanra. Ẹ bá wa dùbúlẹ̀ sí i.”

Àwọn èrò pariwo, “Kó dùbúlẹ̀! Kó dùbúlẹ̀!” Ó fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti gba akẹtẹ̀ lórí rẹ̀, ó ní kó wá sinmi, ó ti rìn jìnnà. Aṣojú bọ́ bàtà, ó rọra jókòó, ó nà gbalaja. Irin ké “kẹ̀ẹ́,” ó sì rì. Táì rẹ̀ bò ó lójú. Ó gbìyànjú títí, kò lè dìde àfi ìgbà tí ọkọ mi nawọ́ fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ó dojú bẹ́ẹ̀dì délẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìkọ́ tí wọ́n fi sìpíríìnì há ti là. Ó nu ojú, ó ní, “Màdáàmù, iṣẹ́ wa ni kò dáa. N óò gbé e lọ, kọ́ńpìnnì á fi òmíràn dípò.” Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló fi gbé e lọ, kò sì pẹ́ tí òmíràn fi dé, tí ìkọ́ rẹ̀ nípọn.

Èmi fúnra mi ni mo bá ìyá gbé tirẹ̀ lọ sí Mówè. Àbúrò rẹ̀ ti wá láti Ìbafò láti wo bẹ́ẹ̀dì tí ìròyìn rẹ̀ ti ṣáájú dé. Wọ́n se ìrẹsì Ọ̀fàdà fún mi, wọ́n fi ẹja àrọ̀ sí i. Bí mo ṣe ń jẹun ni àbúrò yìí gun orí bẹ́ẹ̀dì, tó na ẹsẹ̀, tó sì kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

“Èmi náà fẹ́ ọ̀kan,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní gáráǹtì. Kí ni ìyẹn?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìwé pélébé fún un. Ìyá dá mi lẹ́nu kọ́, ó fi ọ̀bẹ̀ kún àwo mi.

“Ẹni tó ń jẹun níwájú rẹ yìí ni,” ó ní. “Jẹ́ kó jẹ àjẹyó.”